Sàréè tí Wọ́n Gbẹ́ De Tamra

Tamra ọmọ mi,

Báwo ni ara, báwo ni Columbus ní Ohio, báwo làwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀? Àwa wà ní àfonífojì wa níbí, à ń mí, ìyẹn ni pé ìyá ẹ ń mí, èmi ń yá èémí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Olúwa tó di òkè yìí mú tí kò fi wó lu ilé wa, á di ìwọ náà mú. Àmín.

Ìyá ẹ ní o pè, pé o fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí o wá máa tọ́jú mi nítorí eruku èédú tó wà láyà mi. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ń wúkọ́ ni fóònù ń já, ó jọ pé òun náà ò fẹ́ gbọ́.

Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí o dá sílẹ̀ níbí. Ní Sọ́ńdè, Pásítọ̀ Hobert béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. O ṣáà mọ àṣà wa, tí ọ̀rọ̀ bá ti ju ẹnu lọ, èèyàn á kàn nawọ́, á dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún, á ní ẹ̀bẹ̀ àìsọ ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bi í ní nǹkan kan. Ìdánwò kẹ́mísírì ẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n bá wa bẹ Ọlọ́run sí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀? Pé ọmọ tó ti ń gúnni lábẹ́rẹ́ látọjọ́ yìí, tó ń nùdí fún àgbà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì kékeré ṣì ni, àfi kó gba dìgírì kó tó di ńlá, pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wá ní ètò tí wọ́n fi ń gbé irú wọn sọdá, inú kọ̀ǹpútà sì ni olùkọ́ ń gbé? Èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́, kò yé mi. Jọ̀ọ́, máa pa kọ̀ǹpútà yẹn lálẹ́, kí olùkọ́ náà lè sùn. Mo kàn nawọ́, mo ní Tamra, ẹ̀bẹ̀ àìsọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni ikọ́ gbé mi, omi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Icie Blankenship tó wà lápá ìsàlẹ̀ odò gbé adìyẹ àti ìrẹsì wá. Àwọn tó kù gbé ẹ̀wà wá, wọ́n gbé búrẹ́dì àgbàdo wá. Wọ́n á gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n á dì mọ́ ìyá ẹ, wọ́n á lọ. Ìyá ẹ rò pé nítorí àyà mi ni, èmi rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. A ṣáà jẹun. Icie ní aṣọ búlúù máa ń yẹ ọ́ láti kékeré. Ìyá ẹ, tó ń ro aṣọ nọ́ọ̀sì, ní búlúù náà ni wọ́n máa wọ̀ fún ọ níbẹ̀. Ni Icie bá bú sẹ́kún, ó sá jáde.

Ní Sátidé, àwọn ọkùnrin gbé ṣọ́bìrì gòkè lọ síbi sàréè wa. Mo rò pé ojú àgbàrá ni wọ́n fẹ́ là, mo ní kí ìyá ẹ po kọfí fún wọn. Kí n tó wọ́ ẹ̀rọ mi débẹ̀, ilẹ̀ ti mu wọ́n dé ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá mi. Mo béèrè pé ta ló kú. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Pásítọ̀ dì mí léjìká mú, ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbé ọ bọ̀ láti Ohio. Mo ní gbé ta? Ọmọ tó ń kàwé ìdánwò! Ọmọ ilé Coleman kan gbójú sókè látinú kòtò, ó ní, ṣé kò kú ni? Mo ní àfi tí kẹ́mísírì bá pa á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú ẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò dá, ohun tó jáde dúdú bí inú ihò èédú tí mo ti ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo fi máa gbórí sókè, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Pásítọ̀ ní kí wọ́n dí i padà. Bàbá Arvil, tó ti gbẹ́lẹ̀ fún gbogbo òkú àfonífojì yìí, ní kí wọ́n fi sílẹ̀, òkúta pọ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá náà ò wo ojú ẹnì kankan. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ. A fi páànù bò ó.

Tamra, dókítà tó ń wo àyà mi náà ní yìnyín ọdún yìí ò ní bá mi. Má wá. Tí o bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ààyè ẹ fún ẹlòmíì, ẹ̀yìn ẹ á sì kán síbi tí o ti ń gbé arúgbó nítorí owó kékeré. Ẹni kékeré níbi iṣẹ́ ló ń gbé ibi tó wúwo nínú ẹrù. Mo mọ̀ ọ́n, abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Tí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ, fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ, kó fi ra igi ìdáná de òtútù. Èmi ò nílò nǹkan kan.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ ẹ máa tu aláìsàn lára, á jẹ́ kí àwọn tó pè ọ́ ní kékeré máa dìde fún ọ. Tí wọ́n bá pè ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò pé mo ti lọ, jókòó, kọ ọ́ tán ná. Lẹ́yìn náà kí o rọra wakọ̀ bọ̀ wálé. Mi ò ní kúrò níbi tí wọ́n bá tẹ́ mi sí.

Èmi ni bàbá ẹ,
Delmer Stiltner