Ikọ́ Òwú

Bàbá mi àtàtà,

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti papò dà, mi ò sì kọ̀wé sí yín rí. Ikọ́ ló mú mi kọ ọ́ lónìí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tó ti ń bá mi fà á.

Iṣẹ́ yín ni mo ṣì ń ṣe. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yìí, ti sọ fóòmù di nǹkan olówó, gbogbo Ọ̀yọ́ ti padà sídìí ìrọ̀rí olówùú. Ẹ̀yin máa ń kọrin bí ẹ bá ń fi ọ̀pá na òwú. Èmi ò lóhùn orin, èébú ni mo máa ń bú u.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ní Ọ̀yọ́ níbí ní ikọ́ ife ni. Ó kọ abẹ́rẹ́ àti oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ fún mi, ó ní kí n jìnnà sí Mùínátù, ọmọ mi tí ẹ sọ lórúkọ ìyá yín. Ọkọ mi ní dókítà kan kì í ṣe Ọlọ́run, ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ni dókítà ibẹ̀. Ó ya fọ́tò àyà mi, ó yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kì í ṣe ikọ́ ife, eruku òwú ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́. Kò lè ran ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ta ni kí n gbà gbọ́? Bí mo bá ṣi ọ̀kan yàn, Mùínátù lè kó o. Bí mo bá ṣi èkejì yàn, òwú á pa mí.

Kí n má purọ́ fún yín, ó wù mí kí ti Ọ̀yọ́ jẹ́ òótọ́. Ìyá dókítà yẹn bi mí bóyá ẹnìkan nílé wa ti wú irú ikọ́ yìí rí. Mo ní bàbá mi ni. Ó bi mí iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Nígbà tí mo dáhùn, ó kàn mirí ni.

Kò sí dókítà kankan tó yẹ yín wò, Bàbá. Àwa fúnra wa la pe ikọ́ yín ní ikọ́ ife. Èmi ni mo ya abọ́ yín sọ́tọ̀. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń kan ilẹ̀kùn, tí mo sì ń yára padà. Ẹ máa ń dúpẹ́ látinú yàrá. Ṣé ẹ retí pé mo máa wọlé?

Mo ti gba ti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọ̀la, mi ò ní na òwú mọ́. Bí mo ṣe gbà á yẹn náà ni mo gbà pé lásán la fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.