Ẹ̀rọ Bàbá Rẹ Kì í Ṣe Irin Àlòkù

Àsàlámù àlékúmù, Abdulqoyum ọmọ mi.

Ṣé dáadáa lo wà ní Agbowó níbẹ̀? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀kadà gbé ọ ṣubú, kó sì dẹ ilẹ̀ fún bàbá rẹ níbi tó sùn sí. Mo parí opó bàbá rẹ lọ́jọ́ Àtìní, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé géérégé. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Ẹ̀rọ ìlọta kékeré tí o rà ní Mọ́kọ́lá dé. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kí n tó bú u. Ajá lè gbé e sá lọ. Ramlah ọmọ àbúrò mi ní okùn ni wọ́n ń fà kó tó jí, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Mo bu dísù tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì bàbá rẹ sí i kó yó, torí n kò mọ oúnjẹ mìíràn tí ẹ̀rọ ń jẹ nílé yìí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. A fa okùn títí èjìká Ramlah fi wú. Ó tu èéfín funfun díẹ̀, ó dákẹ́.

La bá pe Sùlàímọ́nù tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní bẹntiróòlù lèyí ń mu. Ó tú irin kan jáde lórí rẹ̀, ó ní púlọ́ọ̀gì nìyẹn, òun ló ń ṣáná sí epo nínú. Mo ní ẹ̀rọ tí kò lè dáná fúnra rẹ̀ àfi kí wọ́n bá a ṣáná, ṣé ẹ̀rọ nìyẹn àbí àtùpà? Ẹ̀rọ ìlọta ńlá ti bàbá rẹ kò ní púlọ́ọ̀gì. Ńṣe ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́nú, á fún un pọ̀ títí á fi gbóná bí ààrò, bí dísù bá ti kán sí i, iná ti ràn.

Àwòrán inú ẹ̀rọ, èyí tó ń rìn bíi fíìmù, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ramlah, a wò ó. Mo ní kó gbé fóònù jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí Sùlàímọ́nù gbé wá, torí púlọ́ọ̀gì inú àwòrán náà ń ṣáná léraléra, ilé mi kò gbọdọ̀ jó. Mo rí i pé ẹ̀rọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe nǹkan mẹ́rin: ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó fún un pọ̀, ó jó o, ó tú èéfín síta. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, irú èyí tí o fi ń tan iná ní Agbowó, Sùlàímọ́nù ní ìṣísẹ̀ méjì péré ni tirẹ̀, bó ti ń jẹun lọ́wọ́ ló ń yàgbẹ́. Abájọ tó fi ń rùn. Má gbé e sí tòsí yàrá.

O wá ní kí n ta ẹ̀rọ bàbá rẹ fún ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń jí i ni? Ènìyàn méjì ni. Bàbá rẹ á máa fi ọ̀pá yí i, èmi á gbé irin kékeré orí rẹ̀ sókè kí ó lè rọrùn láti yí. Bó bá ti yára tó, á ní, “Ìyá Qoyum, fi í sílẹ̀.” Màá fi irin náà sílẹ̀, ẹ̀rọ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dìde. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, onírin àlòkù rẹ dé, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀rọ náà wò. Mo ní kó dúró ná, mo rán Ramlah lọ pe Sùlàímọ́nù wá. Sùlàímọ́nù di ọ̀pá mú, èmi di irin orí mú. Ó yí i, ó ń làágùn, mo sì ń retí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ. Nígbà tí n kò gbọ́ ọ, mo fi í sílẹ̀ fúnra mi. Ó wúkọ́, ó dìde. Adétóun ìyàwó ilé kejì sáré jáde tòun ti láfún tó fẹ́ lọ̀ nínú agbada, bí ìgbà tí bàbá rẹ wà láyé, àfi bó ṣe rí i pé Sùlàímọ́nù ló di ọ̀pá mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Onírin àlòkù kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rọ kékeré rẹ ni mo gbé fún un. Abẹ́ apá ló fi í sí.

Fi owó dísù ránṣẹ́, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ni kí o fún, má fi sí báǹkì inú fóònù, n kò mọ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Sùlàímọ́nù ní èjìká ń dun òun, òun kò wá mọ́. Wálé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí bàbá rẹ fi í tì sí. Ọlọ́run á fún ọ lápá tí yóò gbé e, á sì jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà gbọ́ ohùn rẹ.

Bí o bá ti yí i yára tó, kí o ní, “Ìyá mi, ẹ fi í sílẹ̀.”

Èmi ni,
Ìyá rẹ.