Bàálù Akẹ́kọ̀ọ́ àti Kọ́kọ́rọ́ Orí Ìṣó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun tó kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, dókítà ló wí. Ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan. Èmi tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Kí n tiẹ̀ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, torí mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀, mò ń kọ́ akọ̀wé báńkì kan bí wọ́n ṣe ń rìfáàsì. Mo ní, "Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀." Ó sì bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ràn jù lọ tí mo tíì ní nìyẹn.

Ọmọ wa tó ń gbé ní ìlú kejì fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n má bàa jókòó sílé máa yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Géèmù ogun òfurufú wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kan tí wọ́n fi ń darí bàálù, ó dúró bí ọ̀pá jíà. Ọmọ wa yìí lóyún, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò bí. Ta ni yóò wa ọkọ̀ gbé wa lọ? Mo ní Súfèé ni, olùkọ́ kejì ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́tò mi, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi súfèé. Ọ̀gágun (ìyàwó mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀) ní ṣé bí ọmọ òun bá ń rọbí, òun á máa dúró de Súfèé kó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tán? Ó ní òun máa kọ́ mọ́tò.

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gágun ò bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní igun pálọ̀. Ìgbà tó yá ló dá a dúró, ó hú ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn síta. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ ní mọ́tò, òun náà sì ni ìkẹyìn. Ọkọ̀ wọ gọ́tà, mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn: "Ẹsẹ̀ rẹ le bí igi! O ò lè wa ọkọ̀ láyé!" Ó bọ́ sílẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ó ṣì rántí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní kò sí ohun tó yí padà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí ìṣó lókè máṣíìnì rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Dádì, ṣé ẹ̀yin ò lè já ni? Ó dáa. Ẹ wa bàálù yẹn títí ogun ẹ̀ á fi parí. Tí bàálù yín bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo mú kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ ò bá já, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́ láyé mi."

A bọ ara wa lọ́wọ́. Inú mi dùn dé gongo. Géèmù ọmọdé ni èyí, àbí?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Bí ogun náà ṣe rí nìyí. Àwọn ọ̀tá dé láàárọ̀, wọ́n dáná sun gbogbo bàálù ìjà wa nílẹ̀ níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ ló ní láti gbé e jáde lọ jà. Orí mi wú. Ẹnì kan mọ iyì olùkọ́ nílé ayé yìí! Ìjáde méjìlá ni lápapọ̀. Mo kọ àmì L sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Bàálù akẹ́kọ̀ọ́ ni, òfin sì lòfin.

Géèmù náà bi mí pé ibo ni mo fẹ́ jókòó sí, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni àbí ti olùkọ́. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo yan ti olùkọ́.

Mo gbéra. Ó dùn! Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: nǹkan roboto kan wà níwájú mi gangan tó ń dí mi lójú. Ara ẹ̀rọ ni, mo rò. Mo sọ ọ́ ní Kókó. Mo ya àwòrán afárá tí wọ́n ní kí n lọ yà, mò ń padà bọ̀ — Kókó bo ojú ọ̀nà tí mo fẹ́ bà sí. Mo bà sórí ilé ìdáná àwọn ọmọ ogun wa.

Bí mo ṣe kú nìyẹn. Ọ̀gágun kò sí nílé, ó lọ ra òwú. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìwé yìí nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gágun tún lọ ra òwú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti dọ́gbọ́n sí i. Mò ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kókó, bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò. Mo bà. Taya kan bẹ́, ṣùgbọ́n mo bà! Ìjáde kìíní parí.

Mo ké, "Mọ́mì, mo ti bà o!" Ó wá wò ó. Ó ní ṣé mi ò já? Mo ní, "Èmi kẹ̀?" Ó kí mi kú iṣẹ́, ó padà sídìí máṣíìnì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Súfèé wá kí mi. Mo gbọ́ súfèé rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn. Ó jábọ̀ iṣẹ́. Akọ̀wé báńkì ò tíì padà wá, ojú ń tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan wà, obìnrin àgbà, òwúrọ̀ ló máa ń wá. "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ wọn rọ̀! Bí ẹni tó ti ń tẹ máṣíìnì láti kékeré." Mo ní kó ṣọ́ra fún irú wọn, olórí kunkun ni wọ́n, kó pariwo mọ́ wọn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà tó ń lọ, kò súfèé.

Bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìjáde kẹta. Ọ̀tá kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kò fi iná hàn, kò fun fèrè, ó kàn ya sí mi lára. Mo bú u: "Ta ló fún ẹ níwèé ìwakọ̀?" Ó yìnbọn fún mi. Mo kú.

Ọ̀gágun ti ibi òwú dé, kò mú òwú kankan dání. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣí. Ó ń kọrin. Mi ò rí ẹni tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ tí inú rẹ̀ dùn tó báyẹn rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìjáde kẹrin. Mo kú sínú odò. Mo kú lára òkè. Mo tún kú sórí ilé ìdáná, ó dájú pé àwọn alásè ibẹ̀ ti mọ̀ mí. Kókó ló ń fa gbogbo rẹ̀. Tí Ọ̀gágun bá bèèrè, màá ní, "Kò tíì já." Irọ́ ti wá rọrùn fún mi ju bíbà lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá ṣèṣì kó jẹ́wọ́. Ojú ara mi ń tì mí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀gágun gbé tíì wá fún mi, ó dúró lẹ́yìn mi. Mo wà lófurufú, mò ń yọrùn sọ́tùn-ún, mò ń yọrùn sósì. Ó wò ó títí. Ó ní, "Dádì, ta lọkùnrin tó jókòó níwájú yín yìí?"

Mo ní ọkùnrin wo? Ó nawọ́ sí Kókó. "Ṣé orí èèyàn kọ́ nìyí ni? Akoto ló dé."

Mo tún un wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ni! Akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó síwájú láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ni mò ń fi ọ̀pá tèmi wa ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, tí mo sì ń bú u pé ó dí mi lójú. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ló ti bá mi kú, kò ráhùn rí.

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ oníbàárà. Ìgbà tó nujú tán ló sọ ọ̀rọ̀ kan, kò tiẹ̀ gbóhùn sókè. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lọ́jọ́ gọ́tà yẹn. Òun ló di sítíárìn mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì kejì, èyí tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ kó lè dá ọkọ̀ dúró. Òun fẹ́ yà, mo tẹ̀ ẹ́ lójijì, ọkọ̀ sì fẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. "Ẹ̀yin lẹ gbé wa wọ gọ́tà, Dádì."

Mo ní irọ́ ni. Ó gbé ife, ó lọ. Mo jókòó, mo rò ó, mo tún un rò. Ẹsẹ̀ mi rántí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo bọ́ síwájú. Áà, ojú ọ̀run mà fẹ̀ o! Odò, òkè, ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ṣùgbọ́n kò sí Kókó tí mo lè di ẹ̀bi rù mọ́. Mo kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀bi mi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ìjáde kẹjọ! Mo bà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wẹ̀yìn kí n fi han Ọ̀gágun. Ó ti lọ ra òwú.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ọmọ wa pè. Ẹ̀rín ń pa á débi pé mo ní kó rọra nítorí oyún. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá kú ni géèmù yẹn ń ránṣẹ́ sórí fóònù ọkọ òun: awakọ̀ yín ti bógun lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún! Èyí tó dé níbi ìpàdé, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí i kú aráfẹ́rakù.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyá rẹ." Ó ní, "Dádì, Mọ́mì ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Mo fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi tiro dé ìdí máṣíìnì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo tọ́ka sí kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, mo ní òun ló jẹ ẹ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ẹ lọ parí ogun yín." Ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ìjáde kọkànlá parí. Ọ̀gágun wọ aṣọ òde, ó fi lọ́fínńdà, ó lọ ra òwú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Àná ló ṣẹlẹ̀, mi ò ráyè kọ ọ́.

Ìjáde kejìlá ni. Mo ti fọ́ ibùdó ọ̀tá, mò ń padà bọ̀, epo ti ń tán lọ, ojú ọ̀nà ìbà ti ń hàn lókèèrè. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni fóònù dún. Ọkọ ọmọ wa ni. Ọmọ ti ń rọbí, wọ́n ti wà ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ ló sì ń ké pè.

Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo gbé fóònù kí n pe Súfèé. Ọ̀gágun ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ìṣó. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ Súfèé. Ó yọ káàdì kan síwájú mi: ìwé ìwakọ̀, àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbà á.

Obìnrin àgbà. Ẹsẹ̀ tó rọ̀. Òwú! Gbogbo òwú yẹn!

"Súfèé ló kọ́ mi. Kò pariwo mọ́ mi rárá, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ní kó pariwo."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí, níbi bíréèkì kejì. Ẹsẹ̀ òsì mi ò kúkú kán. Kò bá mi jiyàn. Ó yẹ kí n ti fura.

Ó gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, ara mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mò ń wá àṣìṣe, mi ò rí. A dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, ọkọ̀ akẹ́rù kan já lu ọ̀nà wa. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi bá ilẹ̀ ọkọ̀ lásán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Ọkọ̀ sì ti ń dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, báàgì tó wà lẹ́yìn ò yẹ̀.

Kò mójú kúrò lọ́nà. "Mo ní kí Súfèé tú u kúrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ká ẹsẹ̀ mi, mo wo ìta. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, mi ò mọ̀ pé adágún omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹyẹ funfun wà létí omi náà. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá, mo wá sọ ọ́: "Èmi ni mo gbé wa wọ gọ́tà. Má bínú." Ó ní òun mọ̀. Ó pa jíà dà. Ó tó bíi máìlì kan kó tó nu ojú rẹ̀.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ òní la padà délé. Mi ò rántí dá géèmù dúró láná. Bàálù mi ti jẹ epo tán, ó ti já, ìkẹrìnlélógún. Ọkọ ọmọ wa ní yàrá ìgbẹ̀bí ni ìròyìn ikú mi ti bá òun.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀gágun. Ó wò ó, ó tún fi kọ́ síbẹ̀. Ó ní kó wà níbẹ̀ títí símẹ́ńtì á fi kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà, òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun á wò ó bóyá ẹsẹ̀ mi ti rọ̀.