Èmi Gan-an Ni Mo Ba Èsì Jẹ́

Òsí,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ilésanmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé Ìlọ́fà ń tù ọ́ lára, ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé yìí bá ìwọ àti ẹsẹ̀ náà nínú ìlera. Ní tèmi, ara le, ẹnu náà ò sì tíì rọ̀.

Dókítà kan wá láti Ìlọrin, oyè rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ó ń wádìí bóyá àwọn ọmọ wa ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìlú tí èsì rẹ̀ bá dára, kò ní rí ìrànlọ́wọ́ gbà mọ́. Èmi ló ní kí n máa bá òun béèrè, torí gbogbo ìlú ló mọ Tísà wọn.

Ọgọ́ta ilé ni mo wọ̀, gbogbo wọn ló ní àwọn ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì! Mo ń yan kiri. Àfi bí mo ṣe rí nẹ́ẹ̀tì Falilat, ọ̀kan nínú àwọn tó dáhùn, lórí ẹ̀fọ́ tó gbìn sẹ́yìnkùlé kí adìẹ má baà jẹ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ni mo bá rántí Yàkúbù tí èmi àti ìwọ jọ kọ́ níléèwé. Ó ti ní ọmọọmọ, síbẹ̀ nígbà tí mo bi í, ńṣe ló dìde, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Lójoojúmọ́, sà!" Pàṣán mi ló ń dá lóhùn.

Mo sọ fún Dókítà pé èmi ni mo ba èsì jẹ́. Ó ní ẹni tó ń béèrè kò kan ìwádìí. Mo ní, "Ẹ bọ́ kóòtù yẹn, ẹ tẹ̀ lé mi." A jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, mo sì kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi kì í sùn lábẹ́ tèmi, ooru ibẹ̀ pọ̀. Falilat bú sẹ́rìn-ín: "Háà, Tísà! Ta ló máa wá na ẹ̀yin báyìí?" Bí òótọ́ ṣe tú jáde nìyẹn: ooru ń mú ọmọ, kò sì síbi tí wọ́n á so nẹ́ẹ̀tì kọ́.

Alihamdulilahi, a borí! Dókítà tún ìwádìí náà ṣe. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló kọ irú ẹni tí òun àti èmi jẹ́ sí, àti bí ìyẹn ṣe yí ìdáhùn àwọn ènìyàn padà. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ti fọwọ́ sí i: nẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ń bọ̀, pẹ̀lú ìkọ́ àti ẹni tó máa so ó, ilé dé ilé.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó sì máa ṣí wa lójú sí ara wa.

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì,
Abdulkareem.

Àfikún: Ọjọ́rú ni àwọn tó máa so nẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Falilat ránṣẹ́ pé tí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀, kí n jọ̀ọ́ jókòó sílé. Mo ti gbà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tísà, ẹnikẹ́ni ò tíì yìn mí tó báyìí.