Mi Ò Ní Yọ Rọ́bà Létí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ti fi yín sílẹ̀, kí ara Màámi náà sì dá ṣáṣá. Èmi náà wà dáadáa, mò ń jẹun, mò ń sùn, etí mi méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́. Ìbá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ fóònù ni, ǹ bá ti pè, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe máa ń rí láàárín wa.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní iléèwé kọ̀wé sí yín pé mò ń ṣorí kunkun sí ọ̀gá mi, pé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò bí mi ò bá yọ rọ́bà tí mo fi ń dí etí. Ẹ ní kí n yọ ọ́, kí n lọ tọrọ àforíjì, torí ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Ẹ tún ní ariwo kì í pa èèyàn. Bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò ní yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ṣe rí. Yàrá gbọọrọ kan ni, tábìlì wà ní ìhà méjèèjì, orí oníke kan wà nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó lanu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín, eyín ike kún inú rẹ̀. Eyín yìí là ń fi kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó gbà wá láyè láti fọwọ́ kan ti èèyàn. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ẹ kò ju bírò lọ, àmọ́ igbe rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Kí ẹ wá ro ti gbogbo kíláàsì pọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹnu àti èyí tó ń fún afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ògiri kún un, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí a bá jáde, ṣe la máa ń pariwo mọ́ ara wa bí ẹni tó ń jà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé kò lè sùn mọ́ àfi tí fáànù bá ń dún, torí bí ibi gbogbo bá ti dákẹ́, nǹkan á máa hó létí rẹ̀. Ó ní kò burú, ara òun ti mọ́ ọn.

Ara yín náà ti mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ la gẹdú ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń yí etí ọ̀tún síwájú tí èèyàn bá ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ óò ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ bá sì ń bá Màámi sọ̀rọ̀ àṣírí, àwọn ará ojúlé kẹta ló ń bá yín dá sí i. A máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo bi Màámi pé kí ló dé tí kì í kọrin mọ́ tó bá ń lọṣọ. Ó ní ta lòun fẹ́ máa kọ ọ́ fún? Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti dákẹ́, Bàbá. Lóòótọ́, ariwo kò pa yín, àmọ́ ó gba orin ìyàwó yín mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò sì bá a jà. Èmi máa bá a jà.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Agbóhùn-eyín là ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Tó bá fẹ́ fún wa ní máàkì, á dúró lẹ́yìn wa, á di ojú méjèèjì, á máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ. Ó ní bí eyín bá ṣe ń dún ló ń sọ ibi tí ọwọ́ dé, pé oníṣègùn eyín tó dí etí kò yàtọ̀ sí alásè tó dí imú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ohùn ẹ̀rọ máa ń yí padà tó bá kúrò níbi líle bọ́ síbi rírọ̀. Mo sọ fún un pé ìka mi máa ń mọ̀ ọ́n, pé rọ́bà yìí kàn ń dín igbe kù ni, mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Nígbà tó rí i pé mi ò yí padà, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, èyí tó ti ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀, tó sọ ní Jẹ́jẹ́ torí pé kì í pariwo. Ó ní kí gbogbo wa pa tiwa, kí a wá gbọ́ bí ẹ̀rọ gidi ṣe ń dún. Ó tàn án. Bàbá, Jẹ́jẹ́ ké. Ó ké débi pé ẹnì kan ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì gbé èjìká bo etí. Ọ̀gá fa ìbomú wálẹ̀, ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí ẹni tó ń mí lójú oorun." A ń wo ara wa lórí ìbomú. Ó ní Jẹ́jẹ́ ni n óò fi ṣe ìdánwò, láìsí rọ́bà, tàbí kí n má wá rárá.

Mi ò ta kò ó lójú gbogbo kíláàsì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í dójú ti àgbà láwùjọ. Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ, ó ku èmi àti òun. Mo ní, "Sà, Jẹ́jẹ́ ń ké." Ó yí etí ọ̀tún síwájú. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo tún un sọ. Inú bí i, ó ní, "Ìwọ tó dí etí lo fẹ́ wá kọ́ mi bí nǹkan ṣe ń dún?" Mo ní, "Torí pé mo dí i ni mo ṣe ń gbọ́ ọ, sà." Ó tan Jẹ́jẹ́, ó gbé e sún mọ́ etí ọ̀tún, ó gbé e sún mọ́ tòsì, ó pa á. Ó ní, "Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ọ?" Mo ní gbogbo wa ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rọ náà, ó nù ún, ó nù ún. Lẹ́yìn náà ló ní òfin ṣì ni òfin, kí n máa lọ.

Kì í ṣe pé etí rẹ̀ ń lọ ló ń bí mi nínú, àánú ìyẹn ń ṣe mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó fẹ́ fi í ṣe ogún fún wa, kí á sì máa pè é ní ìmọ̀. Mi ò gba irú ogún bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ bí mi.

Ọ̀la ni ìdánwò. Mò ń lọ, tèmi ti rọ́bà mi, mi ò sì ní fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá máa lé mi, orí àga ni wọ́n ti máa lé mi, mi ò ní bá wọn jókòó sílé. Ẹ lè ní olórí líle ni mí. Ta ni mo fi jọ? Màámi ní nígbà tí dókítà ní kí ẹ sinmi nítorí ẹ̀yìn yín, ojú fèrèsé lẹ gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ óò jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ẹ ó sì bá wa jókòó pẹ́. Ẹ bá mi kí Màámi.

Èmi ni àkọ́bí yín tó fi ìbínú jọ yín,
Ọmọ yín obìnrin.

Àfikún: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí mo fi lọ ṣe ìdánwò. Mo wọlé pẹ̀lú rọ́bà létí, mo mú ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń lò, mo jókòó. Ọ̀gá kò lé mi. Ó wá dúró lẹ́yìn mi bó ti máa ń ṣe, mo sì ń retí kó di ojú. Kò dì í. Ó yọ gíláàsì rẹ̀ lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú wo eyín náà títí, ó kọ máàkì sílẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Mi ò tíì mọ iye tó fún mi. Ẹ ó rí i pé àpòòwé yìí wú díẹ̀. Rọ́bà méjì ló wà nínú rẹ̀, tiyín ni. Ẹ fi í sétí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Mi ò bẹ̀ yín o, mò ń sọ fún yín ni. Èyí tó ṣẹ́ kù létí yín ṣì tó orin gbọ́, mo sì ti ní kí Màámi máa múra sílẹ̀.