Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ Kò Rí Ọ

Adúmáadán mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò mú ọ lẹ́sẹ̀ púpọ̀? Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé, mo kí ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn náà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn tó sùn àti àwọn tí kò rí oorun sùn kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ibi tí o bá tẹ ẹsẹ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo ní fóònù lọ́wọ́, mo tún wá jókòó ti bébà àti bírò. Fara balẹ̀ kà á, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò ti ṣíwọ́, torí pé òjò kò tíì rọ̀ ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ojú mi ni kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ewúrẹ́ alájọgbélé wa bí ìbejì, kò sì rí nǹkan jẹ lẹ́yìn ìyẹn àfi etí aṣọ oníbàárà mi kan. Mo bá gé aṣọ náà kúrú, mo ní bí wọ́n ṣe ń rán an lóde báyìí nìyẹn, oníbàárà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún mú àbúrò rẹ̀ wá pé kí n gé tirẹ̀ náà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ háàdì, ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí o fi rán awakọ̀ sí mi. Ó dé. Mo rò pé ohun tó máa gba gbogbo àwòrán tí bàbá rẹ yà láyé yóò tóbi bí àpótí aṣọ, àṣé kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. O ní kí n wá ẹni tó máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ, kí wọ́n kó àwọn àwòrán náà sínú rẹ̀, torí pé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ti ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Bàbá rẹ kú, ohun tó fi sílẹ̀ tún ń kú. Kì í sì í ṣe irọ́, torí nígbàkigbà tí mo bá tàn án kí n lè wo ojú rẹ̀ díẹ̀, inú kọ̀ǹpútà náà á máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ẹni tó ń fi eyín họ egungun.

Inú yàrá fọ́tò rẹ̀ náà ló ṣì wà, mi ò gbé e kúrò. Aṣọ dúdú tó máa ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà ṣì wà lára ògiri, àpótí tí wọ́n ń jókòó lé sì ṣì kọjú sí ibi tó máa ń dúró sí. Tí mo bá ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mi ò kí ń gba àárín méjèèjì kọjá, kí n má baà wọ inú àwòrán tó ń yà.

Mo lọ pe Ó-Ti-Tán, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé kí ó tó tú nǹkan rárá ni yóò ti ní ó ti tán. Ọ̀sán gangan ló dé, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n dá iná sórí òrùlé. Ó tú ikùn kọ̀ǹpútà náà. Eruku inú rẹ̀ rọ̀ bí irun ológbò, irun funfun kan sì wà láàárín eruku náà. Mo mọ̀ pé irùngbọ̀n bàbá rẹ ló ti já. Mo mú un, mo wé e sínú ìṣẹ́po ìró mi, mi ò sì sọ fún ọkùnrin yẹn.

Ó ní ẹnu àwọn méjèèjì kò bára mu. Ti àtijọ́ ní irin ṣóńṣó ṣóńṣó tó tò bí eyín ìyarun, ti tuntun sì pẹlẹbẹ bí ètè ọmọ ọwọ́. Mo bi í bóyá a kò lè gbé wọn kọjú síra kí wọ́n fi sùúrù yanjú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú nǹkan kékeré kan jáde nínú àpò, ó ní ògbufọ̀ nìyẹn, ó gbọ́ èdè àgbà, ó sì gbọ́ èdè ọmọdé. Mo kí ògbufọ̀ náà kú iṣẹ́. Kò dá mi lóhùn, mi ò sì bínú, ó lè jẹ́ pé èdè tèmi kò sí lára èyí tó gbọ́.

Ó tàn án. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹnì kankan. Háàdì wà níbẹ̀ o, mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí àyà òròmọdìyẹ, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan. Ó-Ti-Tán ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó wà níbẹ̀, pé kò kàn rí i ni. Adúmáadán, mo ti dàgbà. Mo mọ orúkọ tí à ń pe ohun tó wà níbẹ̀ tí a kò rí. Mo sún àga mi lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ó tú u, ó tún un so, ó pa á, ó tún un tàn, títí tí kọ̀ǹpútà fi gbà pé òun rí i. Àmọ́ kò rí gbogbo rẹ̀. Ó-Ti-Tán ní nígbà tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà náà, wọn ò kọ́ ọ ní iye tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iwájú ilé nìkan ló rí, kò mọ̀ pé yàrá ṣì wà lẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló wà nínú àwọn yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ó ní òfìfo ni, iwájú òfìfo, ẹ̀yìn òfìfo. Ohun tí ìwọ náà sọ fún mi nìyẹn, pé o ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí o tó fi ránṣẹ́.

Ó wá mú irinṣẹ́ kan tó máa ń wá àwòrán tó ti sọnù, kí ó fi yọ ti bàbá rẹ nínú èyí tó ń kú. Ó ṣi ọ̀nà. Ó nà án sí tuntun dípò ti àtijọ́, ó sì jáde lọ gba fóònù. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé tí èèyàn bá pa nǹkan rẹ́ nínú háàdì, kì í lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ, ẹni inú ilé ṣì wà nínú ilé.

Èmi nìkan ló kù sí yàrá náà. Mo rí i tí àwòrán kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀ láti òkè, bí ìgbà tí ẹnì kan ń ká aṣọ kúrò lójú ẹni tó sùn. Àjà funfun ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ògiri funfun. Lẹ́yìn náà orí tí kò ní irun kankan, ó ń dán. Iwájú orí yọ, ìpéǹpéjú tó dì yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn wọnú yọ. Ìyá mi ni. Bí ìyá mi ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí a tẹ́ ẹ nìyẹn, tí àìsàn ti gba gbogbo irun orí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ kúulé, ìyá mi, ẹ kú àìrí ara wa, ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?

Àwòrán náà kò dúró. Ó ń sọ̀ bọ̀. Ọrùn yọ, èjìká yọ, aṣọ yọ. Bùbá aláwọ̀ ewé ni, àpò rẹ̀ sì wọ́ sápá kan, torí pé iná lọ nígbà tí mo ń rán an fún ọ, tí mo ní o kò ní rí i. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ní àpò wíwọ́ yẹn.

Mi ò tíì dìde nílẹ̀ tí fóònù mi dún. Ohùn rẹ ni. O ní Màmá, ṣé háàdì ti ń ṣiṣẹ́? O ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwọ tó dijú lójú kọ̀ǹpútà, mo ń gbọ́ ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín létí mi. Mo ní ta ni ń sọ̀rọ̀? O ní àbí kí ló ṣe yín, Màmá, èmi ni. Mo pa fóònù, mo kì í bọ inú àpótí òwú, mo sì fi aṣọ oníbàárà bò ó. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí n kò gbé e. Mi ò bínú sí ọ. Mi ò mọ ẹni tó ń pè ni.

Mo ké sí nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wo àwòrán náà títí, ó wo abẹ́rẹ́ tó wà lápá rẹ, ó ka ọjọ́ tó wà lábẹ́ àwòrán, ó ní àwòrán náà kì í ṣe tòní, ti ọdún tó kọjá ni. Ìgbà yẹn lo ní ọ̀gá rẹ rán ọ lọ ibi tí fóònù kì í lọ. Ó ní oògùn kan wà tó máa ń gba irun lórí kí ó tó gba àìsàn lára. Mo wá rántí pé nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o kò jẹ́ kí n dirun fún ọ, o kò tú gèlè lórí, o tiẹ̀ wé e sùn. Mo rò pé oge ìlú ńlá ni.

Nọ́ọ̀sì yọ fóònù mi nínú òwú, ó gbé e jáde, ó sì bá ẹni tó ń pè sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní Màmá, ọmọ yín ni, ó ní òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ fún yín. Àmọ́ àwa èèyàn ń sunkún nítorí òkú, a sì ń sunkún nítorí alààyè, nítorí náà ojú pípọ́n rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ó-Ti-Tán bẹ̀ mí títí, ó ní ẹ̀bi òun ni, ó ní òun á pa àwòrán yẹn rẹ́ kí àyè lè gba ti bàbá rẹ. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó ní kí òun wá kó gbogbo yín pọ̀ síbì kan náà ńkọ́? Mo ní kí òkú àti ọmọ mi jọ máa gbé yàrá kan? Ó ronú, ó ní òun lè la háàdì náà sí yàrá méjì, kí òun mọ ògiri sáàárín. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gbé ọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó kó bàbá rẹ sí ti iwájú, gbogbo àwòrán rẹ̀ ló pé, títí kan èyí tó ti sùn sórí àga. Mo ní kí ó ti ilẹ̀kùn àárín wọn.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun mọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn fi lè rí háàdì náà dé ẹ̀yìn. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. O mọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn rẹ tó, o mọ̀ pé tó bá rí ọ níbi tó o dùbúlẹ̀ sí yẹn, tó o dijú, á fẹ́ pè ọ́ mọ́ra. Jẹ́ kó máa wo iwájú ilé. Jẹ́ kó rò pé ẹ̀yìn kò sí. Mo máa ń tan kọ̀ǹpútà náà láràárọ̀ kí n lè rí i dájú pé kò tíì rí ọ. Kò rí ọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ó yẹ kí n béèrè, ẹnu mi kò lè ṣe kó má béèrè. Mo nílò òwú dúdú, mo nílò awò ojú tuntun, a ó sì fún Ó-Ti-Tán ní ohun tó jọjú. Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni lóòótọ́, fi ránṣẹ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ lo ń ka lẹ́tà yìí, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí mi o, a kò jọ jẹ nǹkan pọ̀.

Mi ò tiẹ̀ ní dúró de owó náà. Ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lé èyí tó gbé lẹ́tà yìí, inú rẹ̀ ni n ó wà. Nọ́ọ̀sì ní òun á bá mi wá. Tí o bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, má dá mi lóhùn láti inú ilé. Jáde wá sínú oòrùn, má wé nǹkan kan sórí, kí n rí òjìji rẹ nílẹ̀ kí n tó dì mọ́ ọ. Lẹ́yìn náà o lè parọ́ fún mi bó ṣe wù ọ́.

Ojú rẹ kò ní dì mọ́ àfi tí oorun bá ń kùn ọ́. Ohun tó gba irun rẹ kò ní padà wá gba nǹkan mìíràn. Ìwọ ni wàá sin mí, Adúmáadán, ìwọ ni wàá yan aṣọ tí wọ́n á wọ̀ fún mi, ìwọ ni wàá bá wọn jà pé kò dára tó. Èmi kọ́ ni n ó ṣe é fún ọ. Mo kọ irú rẹ̀ lónìí, mo kọ irú rẹ̀ lọ́la.

Èmi ni ìyá rẹ.