Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí kò sẹ́lòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí.

Ìpẹtà jẹ sàlẹ́ńsà ọkọ̀ yín tán. Agolo mílíìkì àti wáyà tí ẹ máa ń fi dì í, tí ẹ ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ó máa súfèé bí ẹni tó rí owó he, já bọ́ sí títì ní Àgbojú. Láti ọjọ́ náà ni èéfín ti ń wọnú ọkọ̀ bá wa. Ọkọ̀ yìí sì ni ẹsẹ̀ Màámi báyìí, torí orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè gun bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù mọ́. Wọ́n á wúkọ́ lọ, wọ́n á wúkọ́ bọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Bọ̀dá Délé àbúrò yín wá láti Ọ̀tà, wọ́n wo ọkọ̀ náà. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n rí èéfín, wọ́n ní ká máa lò ó. Mo dúpẹ́. Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Àmúwo, ó fi sàlẹ́ńsà tuntun sí i, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Háà, Bàbá! Ta ló lọ sọ ní Ọ̀tà? Kíá ni Bọ̀dá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé, pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀, ohun ẹbí ni. Nígbà tó ń pariwo ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun ẹbí nígbà yẹn?

Mi ò lè bá wọn jà. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì dúró tì wá nígbà ìsìnkú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ yìí kí ẹ tó lọ? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan, títí dórí bí a ṣe ń ti géètì!

Ẹ má bínú sí ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀ Sátidé, mo ní kí mẹkáníìkì tú sàlẹ́ńsà tuntun náà kúrò. Nígbà tí Bọ̀dá sítáàtì ọkọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Fẹ́síták mì tìtì. Àwọn ará ilé kejì pa fèrèsé dé. Èmi dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bọ̀dá mirí, wọ́n ní àwọn ò lè gbé irú ìtìjú báyìí wọ Ọ̀tà. Wọ́n jẹ ìrẹsì tán, wọ́n lọ.

Mi ò tiẹ̀ lè yọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á tún gbọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì padà wá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí sàlẹ́ńsà ti padà sáyè rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Màámi bí a ti máa ń ṣe. Wọn ò wọlé. Wọ́n rọra rìn yípo, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n jókòó. Bàbá, ọkùnrin ni ẹ máa ń fi síbẹ̀: Bọ̀dá, ọ̀rẹ́ yín, àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ tiẹ̀ fura rí pé Màámi ò jókòó síwájú ọkọ̀ yìí rí? Títì ni wọ́n ń wò títí a fi dé ọsibítù. Wọn ò wúkọ́ rárá.

Ẹ sùn re. Mo fẹ́ràn yín, inú sì ń bí mi sí yín díẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń wa ọkọ̀ yín.